Omi Tí Wọn Ò Lè Gbà Padà Lórí Yèyé

Inú ń bí mi, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pẹ̀tù sí mi nínú. Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹyẹ ni mo fẹ́ pa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nínú ìjọ Àgùdà tí mo ń lọ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, Fadá wa, ọmọ tí ǹ bá bí ní àbígbẹ̀yìn, dúró níwájú wa, ó ní Ìjọ kì í yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló bi í ní ìbéèrè. Wọ́n ti ń wo Mísà elédè Látìn lórí fóònù, wọ́n ní ìyẹn ló ní ọ̀wọ̀, wọ́n ní ṣé a ò lè dá a padà ni. Fadá rẹ́rìn-ín, ó ní èdè lè yí, aṣọ pẹpẹ lè yí, ṣùgbọ́n Ìjọ fúnra rẹ̀ kò yí láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa tèmi. Obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgúnpá tọ́ mi, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa fún un nínú ilé Olúwa, nítorí ó wà, ó pọ̀ pàápàá. Nígbà tí mo délé, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, n ò lè jẹ ẹ́. Mo kàn jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ronú nípa Yèyé, àti ọdún tí wọ́n sàmì fún un, tí wọ́n da omi ìrìbọmi sí i lórí.

Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Ìbòkun nígbà náà, òun àti ìyá mi ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi èmi sọ́dọ̀ Yèyé ní Iléṣà kí n lè máa bá a gbé igbá gbé àwo. Agboolé bàbá àgbà mi ni a wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú, tó sì ní àgbàlá tí àwa ọmọdé àti ewúrẹ́ jọ ń du ibòji igi ọsàn. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni Yèyé ń sọ, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ ní Òṣogbo, ahọ́n mi ti yí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa yé gbogbo wa. Ìyàwó kejì ni. Ìyálé rẹ̀ ni Ìyá Òṣogbo, a ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé Òṣogbo ni bàbá àgbà ti fẹ́ ẹ wá. Ọ̀ṣun ni Ìyá Òṣogbo ń sìn. Idẹ kún ọwọ́ rẹ̀, bó bá ń rìn bọ̀, a ó ti gbọ́ ọ kí a tó rí i. Ohùn àwọn méjèèjì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Ìyá Òṣogbo á jókòó ti ìkòkò omi rẹ̀, á máa ki Ọ̀ṣun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Yèyé á máa fẹ́ná nínú ilé ìdáná, á máa kọ Mísà ní Látìn láti orí dé ìdí, ti Fadá àti ti ìjọ. Kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀. Àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ti jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ilé ìjọ títí etí rẹ̀ fi gbé e. Ìyá Òṣogbo pàápàá ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ díẹ̀. Bí Yèyé bá sín, á dáhùn láti yàrá rẹ̀ bí ìjọ ṣe ń dá Fadá lóhùn, pé, "Ẹ̀tì kúmù sípírítù túò," àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ Yèyé ni mo ti kọ́ ìgbàgbọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Fadá kankan. Orí ẹní ni a máa ń wà lọ́sàn-án, tí a ń bó ẹ̀gúsí, á máa bi wá ní ìbéèrè bí ọwọ́ wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á, á ju ẹ̀gúsí bíbó sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá ṣì í, èèpo ni yóò kó dànù. Òun náà ló ń fọ aṣọ pẹpẹ. Á lo sítáàṣì sí i, á sá a sórí okùn tí kò gbọdọ̀ kan aṣọ ẹlòmíràn, á wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi le gbagidi. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tí mò ń wò. Ọwọ́ tó ń fọ aṣọ tí wọ́n ń gbé Ara Olúwa lé, àkàrà mímọ́ tí ìjọ ń jẹ, òun gan-an ni wọn ò jẹ́ kó gba Ara Olúwa. Bí Mísà bá dé ibi tí àwọn èèyàn ń dìde lọ síwájú, Yèyé á sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n lè ráyè kọjá. Á ní, "Ẹ rọra." Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ ọ́, "Ẹ rọra," bíi pé àwọn ló ń lọ sí ìrìn àjò, òun ló wá sìn wọ́n.

Òfin wọn rọrùn láti sọ. Ìyàwó àkọ́fẹ́ ni ìyàwó. Èyí tó bá tẹ̀ lé e kì í ṣe ìyàwó lójú Ìjọ, wọn ò sì ní sàmì fún un níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nílé ọkọ. Kò kàn wọ́n pé àwọn òbí Yèyé ló fà á fún ọkọ, pé kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Bí Ìyá Òṣogbo bá fẹ́ ìsàmì ní tirẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni wọn ì bá fi gbà á, nítorí òun ni àkọ́fẹ́. Katikísì wa, ọkùnrin gbígbẹ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láti kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ ìgbàgbọ́, ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá Òṣogbo á na ọwọ́ onídẹ rẹ̀ sí Yèyé, á ní, "Ìyàwó mi nìyẹn, òun ló ń wá yín. Ṣé èmi ni mo ránṣẹ́ pè yín?" Ẹni tó fẹ́ ẹ kò rí i, ẹni tó lè rí i kò fẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún Yèyé, gbogbo agboolé ló sì mọ̀ ọ́n. Bí ikú bá ti dé sí i gan-an, tó kù díẹ̀ kó gbẹ́mìí mì, wọ́n lè da omi sí i lórí, nítorí ẹni tó ń kú lọ kò ní ọkọ tí yóò tún sùn tì mọ́. Ó ní àwo tánganran funfun kan tí ó dojú rẹ̀ dé sórí àpótí rẹ̀, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì tuntun lábẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ ò kan àwo náà rí. Orúkọ pàápàá, ó ti mú sílẹ̀ tipẹ́, Mọ́níkà. Ìyá Òṣogbo máa ń sọ pé, "Àwọn Àgùdà yìí, òkú ni wọ́n fẹ́ràn jù."

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ibà mú Yèyé lójijì, kò sì jẹ́ ibà kékeré. Ó ń gbọ̀n, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, kò mọ èmi tí mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára. Àgbo kò ràn án, oògùn òyìnbó kò ràn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Òṣogbo wọlé, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní, "Sáré lọ pe Katikísì wá. N ò fẹ́ kí Olúwa yín ní èmi ni mo dí ìyàwó mi lọ́nà." Mo sáré. Katikísì gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Ìyá, ṣé ó dájú pé wọ́n ń kú lọ?" Ìyá Òṣogbo wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n kọ́kọ́ pa á fún yín ni, kí ẹ tó wọlé?" Ọkùnrin náà wọlé. Mo gbé àwo tánganran, mo di táwẹ́ẹ̀lì mú, omi ìkòkò Ìyá Òṣogbo ni a sì bù sí i, nítorí òun ló wà nítòsí. Katikísì da omi náà sí i lórí, ó pè é ní Mọ́níkà, omi ṣàn gba inú irun funfun rẹ̀ bọ́ sórí ẹní. Ìyá Òṣogbo nu ojú rẹ̀ fún un. Bàbá àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ṣé ó ti lọ?"

Kò lọ. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, lẹ́yìn náà ó béèrè ẹja. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń bá wa jà pé a ò fọ ìdí ìkòkò mọ́. Bàbá àgbà ní, "Àìsàn ló ṣeé wò, ọlọ́jọ́ ò tíì dé." Nígbà tí a sọ fún Yèyé pé wọ́n ti sàmì fún un, kò kọ́kọ́ gbà wá gbọ́. Ó ní kí n gbé àwo náà wá. Ó wò ó, ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ funfun kan jáde tó ń rùn káńfọ̀, aṣọ tó ti tọ́jú fún ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ gba Ara Olúwa. Ó lọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń lọ aṣọ pẹpẹ. Ó ní kí èmi náà lọ gẹ irun mi, kí n má lọ dójú ti òun ní Mísà ọjọ́ Ìsinmi ọ̀la.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta yẹn náà ni Katikísì dé. Ó kí wa, ó jókòó, ó fi fìlà rẹ̀ sórí eékún. "Ìyá, ẹ kú ewu. A dúpẹ́ pé ara ti le." Yèyé ní, "A dúpẹ́, Katikísì. Ẹ̀yin lẹ ṣeun." Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Ìsàmì tí mo ṣe fún yín yẹn, ti ẹni tó ń kú lọ ni." Yèyé ní òun mọ̀. Katikísì ní, "Ẹ ò wá kú." Yèyé ní, "Ṣé kí n tọrọ àforíjì ni?" Katikísì yí fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Fadá ló rán an. Fadá ní omi ti kan orí, kò ṣeé gbà padà, ọmọ Ìjọ ni Yèyé báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjọ tó ń gbé ilé ọkùnrin tó ní ìyàwó tẹ́lẹ̀, inú ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jí lójoojúmọ́, kò lè gba Ara Olúwa. Kó kó jáde. Kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbòkun, lẹ́yìn náà yóò wá gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi títí dòní. Kí wọ́n tó sàmì fún obìnrin yìí, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Ìsàmì ló sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n ń bínú sí i pé kò kú bí wọ́n ṣe ní kó kú.

Ìyá Òṣogbo ló kọ́kọ́ fọhùn. "Èmi ni ìyálé nílé yìí. Bí ẹnì kan bá máa lé e jáde, èmi lọ́rọ̀ náà tọ́ sí, n ò sì tíì sọ ọ́. Ta ló wá rán yín níṣẹ́ mi?" Katikísì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá àgbà dá sí i, ohùn rẹ̀ kò sì le. Ó ní, "Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. N ò ní dí ọ lọ́nà ọ̀run." Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń fa ọkùnrin yẹn lọ sí balùwẹ̀, tó ń yọ egungun nínú ẹja rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kan abọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìbàdí Ìyá Òṣogbo ti kọṣẹ́, kò lè bẹ̀rẹ̀. Yèyé dìde, ó wọ yàrá, ó ká aṣọ funfun náà, a gbọ́ bí ó ṣe pa àpótí dé. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ bá mi bi Fadá, ta ni kí n fi í lé lọ́wọ́? Àbí Fadá á máa wá wẹ̀ ẹ́?" Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu, nítorí ìgbà oúnjẹ ti tó.

Ní ọdún yẹn kan náà ni àyípadà dé. Bí eré bí eré, wọ́n gbé pẹpẹ kúrò lára ògiri, Fadá tó ti ń kọ ẹ̀yìn sí wa láti ọjọ́ yìí wá kọjú sí wa. Wọ́n ní Látìn ti tán, Yorùbá la ó máa fi ṣe Mísà. Ìlù tí wọ́n ti ń pè ní ohun èṣù wọlé, ó jókòó níwájú. Àwọn àgbà kan sunkún, àwọn mìíràn jó. Nígbà tí Yèyé sọ nílé pé wọ́n ní ká máa bá Ọlọ́run sọ Yorùbá, Ìyá Òṣogbo ní, "Ṣé kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni? Tèmi ti ń gbọ́ ọ tipẹ́." Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ro nǹkan mìíràn. Ó mú mi dání, ó di ilé Fadá, òyìnbó kan tó ń gbìyànjú nínú Yorùbá, tó ń fi imú sọ ọ́. Yèyé kúnlẹ̀. "Fadá, mo gbọ́ pé Ìjọ ti yí padà." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Yèyé ní, "Ṣé ó máa yí dé ọ̀dọ̀ mi?" Fadá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìyá, èdè lásán nìyẹn. Tiyín, òfin ni." Ó gbé Yèyé dìde, ó fún mi ní súùtì kan. N ò jẹ ẹ́.

Èdè lásán. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bá Fadá ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ẹgba ni wọ́n fi ń nà wọ́n bí ahọ́n wọn bá ṣi ọ̀rọ̀ kan nínú Látìn yẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mímọ́ ni, wọ́n ní kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ọjọ́ tó wù wọ́n ló di èdè lásán, ọjọ́ tó sì wu àwọn ọmọ orí fóònù yìí, yóò tún di mímọ́. Ohun tí wọ́n ní kò lè yí láéláé, mo fi ojú mi rí i tó yí. Ìdí obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nìkan ni kò yí. Nígbà tí ikú tòótọ́ wá dé bá Yèyé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Fadá mìíràn gbé Ara Olúwa wá sílé fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ti tún di ti ẹni tó ń kú lọ. Ẹnu Yèyé ti dì. Omi tí a fi ṣíbí fún un ń ṣàn padà. Fadá dúró, ó gbàdúrà, ó sì dá Ara Olúwa padà sínú ohun kékeré tó fi gbé e wá. Bàbá àgbà di ọwọ́ Yèyé mú, ó ń béèrè pé, "Ṣé ó ti gbà á?" Àwọn ọmọ mi máa ń ní, bí ó bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí n ò kúrò. Ibo ni wọ́n fẹ́ kí n lọ? Ilé mi ni. Onílé ló ń bínú sí ilé, àlejò kì í bínú, yóò kàn kí wọn pé ó dàárọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fẹ́ kí Fadá wa ọmọ kékeré yìí mọ̀ ni ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a fi Yorùbá ṣe Mísà ní Iléṣà. Yèyé wà ní ipò rẹ̀ lẹ́yìn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ gba Ara Olúwa, gbogbo ìjọ gba àdúrà kúkúrú kan, èyí tí a ti máa ń gbà ní Látìn, tí a fi ń lu àyà. Mo rí i tí ọwọ́ Yèyé dúró láàárín méjì, kò kan àyà mọ́. Àwọn èèyàn dìde. Ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún wọn. Ọjọ́ yẹn ni kò sọ pé kí wọ́n rọra. A délé, ó se iṣu tán, ó kó o sínú odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ mọ ohun tí a ti ń sọ ní Látìn láti ọjọ́ yìí?"

Ìyá Òṣogbo wà lórí àpótí ìjókòó, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. "Kí ni?"

"A ń sọ pé, Olúwa, a ò yẹ lẹ́ni tí o lè wọ abẹ́ òrùlé rẹ̀."

"Gbogbo yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa. Katikísì sọ ọ́. Fadá fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ó lu àyà."

"Wọ́n sọ pé àwọn ò yẹ tán, wọ́n wá dìde, wọ́n lọ gbà á?"

"Wọ́n lọ gbà á." Yèyé gbójú sókè, ó wo páànù ilé ìdáná tí èéfín ti sọ di dúdú, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá àgbà jókòó sí, tó ń dúró de oúnjẹ. Ó ní, "Gbogbo wa la jọ sọ pé a ò yẹ. Èmi nìkan ni wọ́n gbà gbọ́."

Ìyá Òṣogbo gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó di ògiri mú, ó dìde pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ yẹn, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ń gún iyán náà lọ.